Adìyẹ Tí Kò Lámì

Gbogbo ilé ní Manigri ló ń sàmì sí adìyẹ wọn nígbà náà. Bí òròmọdìyẹ bá ti pé ọjọ́ mẹ́ta láyé, ìyá ilé á mú ọ̀bẹ, á gé orí ìka kékeré ẹsẹ̀ rẹ̀, á fi òrí pa á. Ilé kan ń gé tòsì, ilé kejì ń gé tọ̀tún, òmíràn ń gé méjèèjì. Bí adìyẹ bá ṣako, wọn á gbé e sókè, wọn á wo ẹsẹ̀ rẹ̀, wọn á sì dá a padà fún ẹni tó ni ín. Kò sí ìjà níbẹ̀.

Ilé méjì péré ni kì í sàmì: ilé Sakinatou, ìyá Yáyà, àti ilé Àsùmáù, ìyá Chitou. Ògiri kan ló wà láàárín àgbàlá wọn tẹ́lẹ̀. Òjò wó o lọ́dún tí ọkọ Sakinatou kú, kò sì sẹ́ni tó tún un mọ. Láti ìgbà náà ni adìyẹ àwọn méjèèjì ti ń họ ilẹ̀ pọ̀, tí wọ́n ń mu omi nínú àwo kan náà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, adìyẹ kálukú a wọ ilé adìyẹ alámọ̀ tirẹ̀.

Bàbá Oumarou, tó jẹ́ àgbà àdúgbò, máa ń bá wọn wí bó bá ń ti mọ́sálásí bọ̀.

"Ẹ̀yin obìnrin wọ̀nyí, ẹ gé wọn lẹ́sẹ̀. Ìka adìyẹ kì í ṣe ìka ọmọ."

"Bàbá, ẹni tó ń bẹ̀rù ẹnìkejì rẹ̀ ló ń sàmì," Àsùmáù á dáhùn. "Ṣé kí n wá máa bẹ̀rù Ìyá Yáyà ni? Obìnrin tí ewúrẹ́ ń lé wọ yàrá!"

"Ewúrẹ́ tìrẹ ni," Sakinatou á ní. "Ó fìwà jọ ẹni tó ni ín. Wàhálà ní òwúrọ̀, wàhálà ní àṣálẹ́."

Bàbá Oumarou á rẹ́rìn-ín, á máa bá tirẹ̀ lọ.

Láàárọ̀, àwọn obìnrin méjèèjì ló jọ ń lọ sí ẹ̀yìn ilé lọ gbé ìkòkò ikán. Ìkòkò fífọ́ ni, wọ́n á ti ki pòròpórò bàbà àti ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ sínú rẹ̀, wọ́n á dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí ihò ikán. Bó bá di ọjọ́ kejì, ikán á ti kún un. Sakinatou lọ́wọ́ ire nídìí ikán ju ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì máa ń da ìdajì tirẹ̀ síwájú adìyẹ Àsùmáù láìjẹ́ pé ẹnì kan bẹ̀ ẹ́. Àsùmáù náà ló fún Yáyà lọ́mú nígbà tí ọmú Sakinatou wú tí kò ṣeé fọwọ́ kàn. Yáyà àti Chitou dàgbà lórí ẹní kan, wọ́n ń kọ ebè nínú oko kan, wọ́n sì ń sùn nínú ahéré kan lásìkò iṣẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo ni Sakinatou bí. Ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún Àsùmáù nínú mẹ́rin.

Lọ́dún tí ọ̀ràn yìí ṣẹlẹ̀, ejò bu àgbébọ̀ Sakinatou jẹ lórí ẹyin. Ẹyin mọ́kànlá ló kù nínú ìtẹ́.

"Gbé wọn wá," Àsùmáù sọ fún un. "Funfun mi ti ń sàba, kò sì ní ẹyin lábẹ́. Ó kàn jókòó lórí òkúta bí aṣiwèrè."

Funfun pa mẹ́sàn-án. Àṣá gbé méjì. Nígbà tí ìyá wọn já wọn sílẹ̀, Sakinatou kó méje tó kù lọ sí ilé alámọ̀ tirẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń wọ̀ jálẹ̀ ìgbà ọyẹ́. Wọ́n dàgbà, wọ́n sanra. Yàtọ̀ sí méje wọ̀nyí, Sakinatou kò ní adìyẹ mìíràn.

Nígbà tí ọyẹ́ ń lọ sópin, ìròyìn dé láti Doguè pé ẹ̀gbọ́n Sakinatou obìnrin ti kú. Ó ní láti lọ, ó sì ní láti dúró títí di àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Yáyà wà lóko. Sakinatou fi adìyẹ rẹ̀ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Máa lọ," Àsùmáù wí. "Bí àṣá bá fẹ́ gbé ọ̀kan, kó kọ́kọ́ gbé mi."

"Àṣá wo ló lè gbé ọ? Apá rẹ̀ á já!"

Ẹ̀rín ni wọ́n fi túká.

Lọ́jọ́ kejì tó lọ, Soulé, ìránṣẹ́ sẹ́fù tó jẹ́ olórí ìlú, ń lọ láti ilé dé ilé. Ó ní kọmándà, òyìnbó tó ń ṣàkóso àgbègbè náà, ń bọ̀ wá sùn ní Bassila, òun àti àwọn sójà rẹ̀, wọ́n sì máa jẹun. Kí ilé kọ̀ọ̀kan ní Manigri mú adìyẹ márùn-ún sílẹ̀, òun á wá kó wọn ní ọjọ́ kẹsàn-án sí òní. Ilé tí kò bá rí adìyẹ márùn-ún, kó mú ọmọkùnrin kan wá fún ọ̀nà tí wọ́n ń là nínú igbó.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ọ̀nà náà. Lọ́dún tó ṣáájú, ọkùnrin mẹ́tàlá ló lọ láti Manigri. Mẹ́sàn-án ló padà.

Àsùmáù kò mikàn. Adìyẹ mẹ́jọ ló ní, yàtọ̀ sí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó tilẹ̀ sọ fún Soulé pé kó mú apẹ̀rẹ̀ tó fẹ̀ wá, torí pé apẹ̀rẹ̀ kékeré kì í gba adìyẹ òun.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta mọ́, ó rí àgbébọ̀ rẹ̀ aláwọ̀ kàlákìní tó dúró lábẹ́ ògiri, tó ki orí bọ abẹ́ ìyẹ́. Ìgbẹ́ rẹ̀ dà bí ewé tí wọ́n gún. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ọrùn rẹ̀ ti lọ́, ó ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tí ń ka ìràwọ̀. Àsùmáù mọ̀ ọ́n. Lùkúlùkú ni, àrùn tí í wọ àdúgbò, tí kì í fi adìyẹ kan sílẹ̀.

Àṣà wà fún un. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí lùkúlùkú nínú ilé rẹ̀ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á kígbe lẹ́ẹ̀mẹta pé ó ti dé o. Lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo ilé á kó adìyẹ tiwọn sínú àgò, wọ́n á gbé wọn lọ sóko títí àrùn á fi kọjá. Ẹnikẹ́ni kì í bú ẹni tó kígbe. Wọ́n á tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, wọ́n á sì fún un ní òròmọdìyẹ méjì méjì nígbà tó bá yá.

Àsùmáù dé ẹnu ọ̀nà. Ó la ẹnu. Ó wá rántí pé bí òun bá kígbe, Soulé kò ní fọwọ́ kan adìyẹ kankan láti ilé òun mọ́, Chitou ló máa mú. Ó pa ẹnu dé. Ó wọlé, ó gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìn àká, ó sin kàlákìní.

Lọ́jọ́ kejì ó sin mẹ́ta. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e ó sin mẹ́rin tó kù, Funfun wà nínú wọn. Ó wá jókòó sórí odó, ó ń wo adìyẹ méje Sakinatou tí wọ́n ń họ ilẹ̀ kiri, ara wọn ń dán.

Ó pẹ́ kó tó dìde. Nígbà tó dìde, ó fi omi eérú fọ ilé alámọ̀ rẹ̀, ó kó àwọn méje náà sínú rẹ̀, ó sì fi òkúta dí ẹnu ọ̀nà. Ó ń fún wọn ní bàbà àti ikán nínú òkùnkùn ibẹ̀. Bí èèyàn bá ra adìyẹ lọ́jà, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe é kó lè gbàgbé ilé tó ti wá. Ọjọ́ mẹ́ta tó. Àsùmáù tì wọ́n mọ́ ibẹ̀ fún mẹ́rin kó tó tú wọn sílẹ̀.

Sakinatou dé láàárọ̀ ọjọ́ tí Soulé dá. Eruku Doguè ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tó fi pe ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ìyá Chitou, mo dé o! Àwọn ọmọ mi dà?"

"Ẹ kú àbọ̀. Àwọn wo?"

"Àwọn wo kẹ̀? Adìyẹ mi."

Àsùmáù ń ṣa ìyàngbò inú bàbà. Kò gbójú sókè. "Tìẹ ti sọnù. Mo wá wọn títí. Àwọn tó ń jẹ̀ níbẹ̀ yẹn, tèmi ni."

Sakinatou bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀fẹ̀ rẹ ti pọ̀ jù. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, jẹ́ kí n mu omi ná."

Ó mu omi. Ó wẹ̀. Àwọn aládùúgbò ló sọ fún un nípa adìyẹ márùn-ún àti ọ̀nà inú igbó, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé méje lòun ní. Ìgbà tí Soulé dé lẹ́yìn ìrun àsárì, tí Àsùmáù nawọ́ sí àwọn méje náà tó ní, "Ẹ kó márùn-ún nínú wọn, tèmi ni," ìgbà náà ló tó yé Sakinatou pé ẹ̀fẹ̀ kọ́.

"Ìyá Chitou!"

"Kí ló dé?"

"Àwọn wo lò ń fún wọn?"

"Adìyẹ tí Funfun mi pa. Lórí ìtẹ́ tèmi. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀."

"Ẹyin ta ni Funfun jókòó lé?"

"Ṣé ẹyin ní orúkọ lára ni?"

Èrò ti ń pé jọ. Yáyà àti Chitou ti ti oko dé, torí sẹ́fù ti ránṣẹ́ pe gbogbo ọ̀dọ́kùnrin wálé. Wọ́n jókòó pọ̀ lórí ìtì igi kan. Chitou ń wo àgbàlá yíká.

"Ìyá," ó ní, "kàlákìní wa dà? Funfun dà?"

"Pa ẹnu rẹ dé!"

Ó pa á dé. Ṣùgbọ́n kò yéé wo àgbàlá.

Soulé gbé adìyẹ kan, ó yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, ó gbé òmíràn. Ó kọ hàà. "Kò sí àmì lára wọn. Irú ọ̀sìn wo nìyí?"

"Mo sọ fún wọn," Bàbá Oumarou wí. "Mo sọ títí ẹnu mi gbẹ."

Sakinatou dúró síwájú àgbà náà. Ohùn rẹ̀ le. "Bàbá, a mọ ohun tí à ń ṣe fún adìyẹ tí kò lámì. Ẹ tú wọn sílẹ̀. Kí gbogbo wa jókòó níbí títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí ẹ wo ibi tí wọ́n máa wọ̀. Ilé ẹni tí wọ́n bá wọ̀, òun ló ni wọ́n. Adìyẹ kì í ṣìlé."

Bàbá Oumarou yíjú sí Àsùmáù. "Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mo sì gbà bẹ́ẹ̀."

Ìdáhùn náà yá jù. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, Sakinatou ì bá ti fura. Ṣùgbọ́n kò mọ̀ nípa ọjọ́ mẹ́rin inú òkùnkùn. Ohun tó mọ̀ ni pé láti ìgbà ọyẹ́ ni adìyẹ òun ti ń wọ̀ sílé òun.

Wọ́n jókòó. Oòrùn ń rẹlẹ̀. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má pe adìyẹ, kí ẹnikẹ́ni má ju oúnjẹ. Àwọn méje náà jẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń dúdú, wọ́n wá kóra jọ sórí àlàpà ògiri tó wó, ní àárín ilé méjèèjì gan-an. Wọ́n dúró. Wọ́n ń na ọrùn sọ́tùn-ún, wọ́n ń nà án sósì. Sakinatou di etí aṣọ rẹ̀ mú. Yáyà ti dìde dúró.

Pupa tó tóbi jù láàárín wọn bọ́ sílẹ̀, ó sì rìn tààrà lọ sí ilé Àsùmáù. Èkejì tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin. Mẹ́fà ló wọ ibẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù lórí àlàpà, ó ń ké. Ó pẹ́ kó tó sáré wọ ilé alámọ̀ Sakinatou, ó sì dákẹ́ sínú rẹ̀.

"Adìyẹ ti sọ̀rọ̀," Soulé wí.

"Irọ́ ni! Bàbá, irọ́ ni wọ́n ń pa!"

"Ìwọ lo ní adìyẹ kì í ṣìlé," obìnrin kan ké láti ẹ̀yìn. Òmíràn ní, "Ó fẹ́ fi adìyẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ra ọmọ tirẹ̀ padà. Ẹni tó fún ọmọ ẹ̀ lọ́mú! Olè!" Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀. Àwọn tó ti jẹ ẹyin lọ́wọ́ rẹ̀ náà ń wí i.

Sakinatou sáré gbé adìyẹ kan tó kù, ó gbé e fún Soulé. "Ẹ gba èyí. Ẹ fún mi ní ọjọ́ méjì, mo máa wá mẹ́rin sí i."

"Ọ̀kan kì í ṣe márùn-ún, ìyá. Yáyà, lọ di ẹrù rẹ. Láàárọ̀ la ń lọ." Ó kọ orúkọ Yáyà sínú ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Àsùmáù ti ẹnu ilé alámọ̀ rẹ̀, ó wọlé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Sakinatou lọ ṣílẹ̀kùn fún adìyẹ kan ṣoṣo tó ní. Kò jáde. Ó nawọ́ mú un. Ìgbẹ́ tútù bí ewé gígún ti bo ìyẹ́ ìdí rẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́. Sakinatou dì í mú, ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló rìn gba orí àlàpà kọjá lọ sẹ́yìn àká Àsùmáù. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ họ ọ́ díẹ̀, ìyẹ́ kàlákìní jáde.

Gbogbo rẹ̀ wá yé e lẹ́ẹ̀kan náà.

Soulé ti dé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ti ki adìyẹ márùn-ún Àsùmáù sínú rẹ̀, ó ń dì í. Yáyà ti gbé àpò kọ́ èjìká. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ tó lè yọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Sakinatou mọ bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n dájú.

Ó gbé adìyẹ ọlọ́rùn lílọ́ náà wá sáàárín wọn, ó jù ú sílẹ̀ níwájú Soulé.

"Inú ilé Ìyá Chitou lèyí ti sùn nígbà tí mo wà ní Doguè pẹ̀lú àwọn tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ rẹ. Lùkúlùkú ni. Tirẹ̀ ti kú tán, ó sin wọ́n sẹ́yìn àká, kò kígbe. Máa gbé wọn lọ fún kọmándà. Bí wọ́n bá kú lójú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ ló máa gba pàṣán."

Soulé tú apẹ̀rẹ̀. Méjì nínú wọn ti dijú, itọ́ ń yọ lẹ́nu wọn. Ó fò sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ ejò. Àwọn obìnrin àdúgbò figbe ta, wọ́n ń sáré lọ sílé adìyẹ wọn, àwọn kan ń ṣépè fún Àsùmáù bí wọ́n ti ń lọ.

"Chitou!" Soulé pariwo. "Dìde!"

Àsùmáù wólẹ̀. Soulé kọ́ ló dì mú, ẹsẹ̀ Sakinatou ni. "Ìyá Yáyà, sọ pé o ṣì í wò. Sọ pé ejò ló bù ú jẹ. Ìwọ lo lè sọ ọ́ tí wọ́n á gbà. Mo ṣẹ̀ ọ́, mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀ ọ́. Ọmọ mẹ́ta ni mo ti sin."

Sakinatou yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì.

"Jẹ́ kí wọ́n jọ lọ," ó ní. "Ọ̀rẹ́ ṣáà ni wọ́n."

Wọ́n jọ lọ lóòótọ́, Chitou níwájú, Yáyà lẹ́yìn, wọ́n gba ọ̀nà Bassila.

Kí oṣù náà tó parí, kò sí adìyẹ kan láàyè ní àdúgbò náà. Òwúrọ̀ ń mọ́ láìsí àkùkọ tó kọ. Ẹnikẹ́ni kò kí Àsùmáù mọ́. Wọ́n bẹ Sakinatou pé kó má bínú, pé àwọn ṣèèṣì pè é lólè, ó sì ní kò burú. Àwọn méjèèjì ń fa omi nínú kànga kan náà, èkíní á dúró lókèèrè títí èkejì á fi fà tán.

Oṣù méjì kọjá kí Yáyà tó dé. Ó ti gbẹ, èékánná ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ méjì ti bọ́. Òun nìkan ló dé. Kò yà sí ilé ìyá rẹ̀. Ilé Àsùmáù ló kọ́kọ́ wọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ìyá, igi ló wó lù ú. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́. Èmi àti ọkùnrin Bassila kan la gbẹ́ ilẹ̀, a kírun sí i lára."

Àsùmáù kò sunkún. "Ṣé ó jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà?"

"Ó jẹun."

"Kí ló jẹ?"

"Iṣu sísun. A pín in."

"Ó dáa. Dìde."

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, ìyẹn ti gúnyán sílẹ̀, ó ń sunkún ayọ̀, ó ń fọwọ́ pa á lórí. Yáyà jókòó. Kò bu òkèlè.

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún Soulé?"

"Yáyà, jẹun ná."

"Ṣé ẹ̀yin ni?"

"Adìyẹ tèmi ló jí! Ìwọ ni mo fẹ́ gbà là."

"Orúkọ mi ti wà nínú ìwé kí ẹ tó la ẹnu. Mo dúró níbẹ̀, mo rí i. Ẹ kò yọ mí. Chitou lẹ fi kún un." Ó fọwọ́ ti àwo náà sẹ́yìn. "Lójoojúmọ́ ló ń bi mí pé kí ni òun fi ṣe yín. Ìyá ló ń pè yín o. N kò rí ohun tí mo lè sọ fún un."

Ọjọ́ mẹ́ta ló sùn nílé, kò jẹ oúnjẹ ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, àwọn oníṣòwò tó ń lọ sí Kùmásì kọjá, ó sì gbé àpò tẹ̀ lé wọn. Sakinatou tẹ̀ lé e dé ìdí igi òrí tó wà ní ìpẹ̀kun ìlú, ó ń pè é, kò wẹ̀yìn. Obìnrin náà wá yí padà, ó sáré lọ sí ilé Àsùmáù. Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ lórí ilẹ̀ lásán.

"Ìyá Chitou, torí Ọlọ́run, bá mi pè é padà. Tìrẹ nìkan ló máa gbọ́. Ọmú rẹ ló mu. Bó bá lọ, kò ní wá mọ́, mo mọ ọmọ mi. Dìde, wọn ò tíì dé odò."

Àsùmáù ń ya ìgbálẹ̀. Ó mú ọwọ́ kan, ó so ó, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó mú òmíràn.

"Ẹ dìde nílẹ̀, ìyá," ó ní. Láti ìgbà tí wọ́n ti mọra, kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ rí àfi nínú ìkíni. "Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ fúnra yín. Ẹ̀yin ṣì ní ọmọ tí ẹ lè bẹ̀."

Nígbà tí Sakinatou fi dé ẹ̀bá odò, omi ti gbẹ lójú ipa ẹsẹ̀ Yáyà àti àwọn oníṣòwò ní ìhà kejì.